Àwọn Tó Ń Bá Olóko Kórè ní Alímọ̀ṣọ́

 

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá dúró ní oríta Ẹ̀gbẹ́dá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ariwo agbèrò ni yóò kọ́kọ́ gbọ́: "Ìkòtún! Ìkòtún! Ìgàndo wọlé!" Mọ́tò á tò tẹ̀ lé mọ́tò, ilé á fara ti ilé, ẹni tó ń ta búrẹ́dì á máa sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Nígbà tí ìjọba ka àwọn ènìyàn ní ọdún 2006, àwọn tí wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan lé ní 1,270,000. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí lè rò pé bí ibẹ̀ ti rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oko ni. Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ náà, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọdẹ ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀. Ibi tí ilé alájà mẹ́ta wà lónìí, ẹtu ni ọdẹ ń lé kiri níbẹ̀ láyé àwọn bàbá ńlá wa.

Lónìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọba tàbí ti jagunjagun ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi oko tiwọn sílẹ̀ lọ kórè oko olóko ni. Alágbàṣe là ń pè wọ́n. Nígbà tó yá, a yá ọ̀rọ̀ lẹ́nu òyìnbó, a ní lébìrà. Ẹ óò rí i pé a kì í sábà kọ orúkọ irú wọn sínú ìwé ìtàn. Orúkọ ẹni tó ni oko ló máa ń wà níbẹ̀, bí ẹni pé òun nìkan ló gé gbogbo èso tó so.

Irú iṣẹ́ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìdílé kan wà títí di òní tó jẹ́ pé àlìkámà àwọn àgbẹ̀ mìíràn ni wọ́n ń bá wọn kórè fún owó. Tọkọ taya tọmọ ló ń lọ. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ ìkórè ńláńlá sórí ọkọ̀ akẹ́rù ní oṣù Karùn-ún, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní Texas ní gúúsù níbi tí àlìkámà ti ń tètè gbó, wọ́n á sì máa tẹ̀ lé e bó ti ń gbó lọ sí ìhà àríwá, títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ààlà Kánádà ní oṣù Kẹsàn-án. Inú ilé onítáyà ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ náà ni ìyá ti ń dáná. Tiwa kò ní ẹ̀rọ. Àdá ni, àti apẹ̀rẹ̀, àti orí tó ń ru ẹrù. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lé ẹni kúrò nílé kò yàtọ̀: èso kì í dúró de ènìyàn. Bó bá ti gbó, ó di dandan kí ọwọ́ tó pọ̀ tó wà nítòsí.

Èso wo ló wá ń mú àwọn ènìyàn wá sí agbègbè Alímọ̀ṣọ́? Kòkó ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó ní ilẹ̀ wa ni Kápútéènì James Pinson Labulo Davies. Ọmọ Sàró ni, ilẹ̀ Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1828, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló sì ti kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó di oníṣòwò ńlá ní Èkó. Ìyàwó rẹ̀ ni Sarah Forbes Bonetta, ẹni tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Aina, tí Ọbabìnrin Victoria fi ṣe ọmọ ìsàmì. Ṣùgbọ́n òwò kò dúró sójú kan. Láàárín ọdún 1870 sí 1880, òwò Davies dojú dé, gbèsè wọlé dé bá a. Ẹlòmíràn ì bá jókòó kó máa káwọ́ gbera. Davies yíjú sí oko. Ó rí irúgbìn kòkó gbà láti inú ọkọ̀ Bràsíl kan àti láti erékùṣù Fernando Po, ó sì gbìn ín sí Ìjọn ní nǹkan bí ọdún 1880. Ọdún 1880 yẹn gan-an ni ìyàwó rẹ̀ kú sí Madeira níbi tó ti lọ gba ìtọ́jú. Ní inú oko kòkó yẹn ni ọkọ rẹ̀ gbé òkúta ìrántí kan ró fún un, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ.

Níbo ni Ìjọn wà? Ẹ má wá a lọ sí ibi jíjìn. Ọ̀nà Ìpájà àti Ayọ̀bọ̀ ni, nínú Alímọ̀ṣọ́ tí à ń wí yìí. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Camp Davies títí di òní. Mo máa ń bi ara mi léèrè pé mélòó nínú àwọn tó ń sọ fún ọlọ́kọ̀ pé "Camp Davies ni mo ti máa bọ́ọ́lẹ̀" ló mọ̀ pé orúkọ oníkòkó ló wà lẹ́nu wọn.

Lẹ́yìn Davies, àwọn Kristẹni oníṣòwò mìíràn láti Èkó tẹ̀ lé e wá sí oko. Aṣáájú wọn ni Jacob Kehinde Coker, ọmọ Ẹ̀gbá, ẹni tó dá oko ńlá sílẹ̀ ní Ìfakọ̀ lẹ́bàá Àgége. Òun náà wà lára àwọn tó ya kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1901 tí wọ́n dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀. Ní 1907, àwọn olóko wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Agege Planters' Union, Coker sì ni olórí rẹ̀. Reluwé ti wà nígbà náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ láti Ìddó ní 1896, ó gba Àgége kọjá, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Kòkó tí wọ́n bá kó dé ìdíkọ̀ Àgége lówùúrọ̀ lè dé etí òkun Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn oníṣòwò wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tó ní ìdílé ńlá tó ń roko fún wọn. Àgbẹ̀ ìbílẹ̀ ní ọmọ, ó ní àbúrò, ó ní ẹgbẹ́ aro tí wọ́n jọ ń gba oko ara wọn ro ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lè bẹ ọ̀wẹ̀ kó fi iyán àti ẹmu ṣe àlejò. Ẹlòmíràn ní ìwọ̀fà tó ń fi iṣẹ́ oko sin owó tí a yá. Oko Ìfakọ̀ ti tóbi ju ti aro àti ọ̀wẹ̀ lọ. Owó ni wọ́n ní láti fi wá ọwọ́.

Ọwọ́ sì wà. Ogun Kírìjì tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1877 kò tú ká pátápátá títí di 1893. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, àgọ́ ogun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀kìtì fi ṣe ilé. Nígbà tí wọ́n tú ká, ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Ẹni tí kò lè rìn láti Iléṣà dé Ìbàdàn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má mú un ṣẹrú, ó wá lè rìn. Àwọn tí wọ́n ti mú ṣẹrú náà ń já ara wọn gbà, ọ̀pọ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìhà Èkó. Gbogbo wọn ló ń wá ohun tí wọn yóò jẹ. Báyìí ni àwọn alágbàṣe ṣe ń wọ́ wá sí Àgége àti àwọn oko tó yí i ká.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo agbo ilé kan ní Ẹ̀kìtì ní bí ọdún 1908. N kò ní pe orúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀. Bàbá ni, ìyàwó kan ni, ìyá bàbá ni, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Bàbá ti rí ọmọ ìyá rẹ̀ kan tó ti Àgége dé pẹ̀lú aṣọ tuntun àti ṣílè fàdákà. Ẹ mọ̀ pé owó ẹyọ ni wọ́n ṣì ń ná jù ní oko nígbà náà. Ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ jẹ́ 20,000, ẹrù ọkùnrin kan gbáko ni. Ṣílè tó ju ìyẹn lọ wọ inú àpò gbẹ̀rì lọ láìwúwo. Ẹ ò rí i pé ìyẹn nìkan tó láti yí ọkàn ènìyàn padà!

Nígbà tí wọ́n ti jẹ iṣu tuntun tán, bàbá di ẹrù rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà, tó tó ọmọ ọdún méjìlá, bá a lọ. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Òṣogbo ní bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n wọ reluwé. Ẹ wo ojú ọmọ náà nígbà tí ọkọ̀ irin fọn fèrè!

Iṣẹ́ a máa pọ̀ láti oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀, títí ọyẹ́ yóò fi mú dáadáa ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní. Kòkó tún ń so díẹ̀ ní àárín ọdún, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó nǹkan tí à ń torí rẹ̀ pe alágbàṣe láti ọ̀nà jíjìn.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àlejò ni bí a ti ń gé èso. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń mu kòkó láàárọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Kòkó kì í so sí ṣóńṣó ẹ̀ka bí ọsàn tàbí máńgòrò. Ara ìtí igi gan-an àti ara ẹ̀ka ńlá ló ń so mọ́. Ojú ibi tí èso kan ti yọ lọ́dún yìí, ibẹ̀ náà ni òdòdó yóò tún ti yọ lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, a kì í fà á já. Ẹni tó bá fà á já ti họ ojú igi, igi sì ti fọ́jú níbẹ̀ nìyẹn. Àdá mímú ni a fi ń gé ọrùn èso náà, kí ẹnu àdá má kan ara igi. Èyí tó bá wà lókè, gọ̀ǹgọ̀ ni a fi ń mú un, ìyẹn ọ̀pá gígùn tí a so irin mímú mọ́ lórí. Ẹni tó bá ń gun igi kòkó kiri ń fi ẹsẹ̀ tẹ òdòdó ọdún tó ń bọ̀ pa.

Olóko kò lè dúró ti igi kọ̀ọ̀kan. Ojú iṣẹ́ kò hàn lọ́dún yìí, ọdún mìíràn ni yóò hàn, nígbà tí alágbàṣe bá ti gba owó rẹ̀ lọ. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

Lẹ́yìn gígé ni kíkójọ. Àwọn ọmọ àti àwọn obìnrin ló ń fi apẹ̀rẹ̀ ru ú wá sójú kan lábẹ́ igi. Níbẹ̀ ni gbogbo ènìyàn yóò jókòó yí òkìtì náà ká láti là á. Kùmọ̀ kékeré ni ẹlòmíràn fi ń fọ́ ọ, àdá ni ẹlòmíràn fi ń là á, ṣùgbọ́n bí àdá bá wọlé jù, ó ti gé wóró inú rẹ̀, kòkó náà yóò hu. Bíi ọgbọ̀n sí ogójì wóró ló ń wà nínú èso kan, omi funfun tó dùn sì bò wọ́n. Àwọn ọmọ a máa lá a títí ẹnu wọn yóò fi yọ̀. Ìdí òkìtì yìí ni àwọn alágbàṣe ti ń pàlọ́, tí wọ́n ti ń bú ara wọn ní ti eré, Ìjẹ̀ṣà ń fi èdè Ẹ̀kìtì ṣe yẹ̀yẹ́, Ẹ̀kìtì ń fi èdè Àwórì rẹ́rìn-ín. Ìyàn kan a sì máa wà lórí oúnjẹ. Gàrí àti ẹ̀kọ pọ̀ ní ìhà Èkó. Ọkùnrin Ẹ̀kìtì tí kò rí iyán jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má bá a fa ọ̀rọ̀.

Wọ́n á wá kó wóró náà sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi ewé mìíràn bò ó, yóò wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọ́n á sì máa yí i padà láàárín. Á máa gbóná. Bí o bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kẹta, kíá ni wàá fà á yọ. Á máa rùn bí ọtí tó kan. Ibẹ̀ ni adùn tí àwọn òyìnbó ń wá nínú ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kòkó tí a kò sé dáadáa yóò korò, yóò sì kan, kò sí ohun tí ilé-iṣẹ́ wọn lè fi tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni sísá sóòrùn lórí ẹní fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé ni wọ́n ń fi sídìí rẹ̀ láti máa fi ẹsẹ̀ rò ó, kó sì máa wo ojú ọ̀run. Bí òjò bá ṣú, igbe ọmọ náà ni gbogbo oko ń gbọ́, àgbà á fi àdá sílẹ̀, obìnrin á fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, wọ́n á sáré kó kòkó wọlé. Òjò ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́. Kí kòkó gbígbẹ tó tó kílò kan, yóò gbà tó èso ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ wá ṣírò iye èso tí wọ́n gé, tí wọ́n rù, tí wọ́n là, kí àpò kan tó kún.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé ní Ẹ̀kìtì, nítorí àwọn tó wà nílé náà ń ṣe iṣẹ́ tiwọn.

Àkókò tí kòkó ń pọn ní Àgége, àkókò náà ni àgbẹ̀ Ẹ̀kìtì ń ṣán oko ọdún tuntun, tó sì ń kọ ebè iṣu. Ebè kíkọ kì í ṣe iṣẹ́ tí obìnrin ń ṣe níbẹ̀. Ta ni yóò kọ ọ́? Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ aro bàbá ni. Wọ́n á bá a ṣe é, ṣùgbọ́n aro jẹ́ gbèsè. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá lò lóko rẹ̀, yóò san án padà pẹ̀lú èjìká rẹ̀ nígbà tó bá dé. Bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ aro náà bá sì ti lọ sí Àgége ńkọ́? Nígbà náà oko á kéré, iṣu ọdún tó ń bọ̀ á kéré. Ìyá ilé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣírò rẹ̀ bó ti ń wo àká.

Kò jókòó lásán. Àwọn obìnrin Ẹ̀kìtì mọ aṣọ híhun lórí òfì tí a gbé nàró sára ògiri, kíjìpá ni wọ́n ń hun lórí rẹ̀, aṣọ tó nípọn tí kì í tètè gbó. Lálẹ́, lẹ́yìn tó bá ti fọ́ ẹ̀kùrọ́ tán, tó sì ti fún àwọn ọmọ lóúnjẹ, yóò jókòó sí ìdí òfì títí iná yóò fi fẹ́ kú. Owó kíjìpá yìí ló ń ra iyọ̀. Ìyá ọkọ ń bá a gbé ọmọ ọwọ́. Ọmọbìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti gba iṣẹ́ omi pípọn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi sílẹ̀.

Ìròyìn kò sí. Kò sí ẹni tó mọ ìwé nínú ilé náà. Ẹni tó bá ti Àgége dé sí ìlú kejì ni wọ́n ń ránṣẹ́ lọ bi: "Ǹjẹ́ ẹ rí bàbá wa? Ṣé ara rẹ̀ le?" Bó bá ní òun rí i, ilé á sùn. Bó bá ní òun kò rí i, ìyá bàbá á lọ bá babaláwo. Àwọn kan lọ lóòótọ́ tí wọn kò padà. Ẹlòmíràn kú sọ́hùn-ún, ẹlòmíràn fẹ́ ìyàwó mìíràn sí ìhà Èkó, ó sì gbàgbé ọ̀nà. Bí a bá ń ka èrè àgbàṣe, ó yẹ ká ka ìyẹn mọ́ ọn.

Bàbá tiwa padà. Oṣù Kejì ni, ilẹ̀ gbẹ, eruku bo ẹsẹ̀ wọn. Ó mú aṣọ bọ̀ fún ìyá rẹ̀ àti fún ìyàwó, ó mú àtùpà kan, iyọ̀, ìṣáná, àti owó díẹ̀ tó lò láti tún òrùlé ṣe. Àwọn ará ilé ń yẹ àwọn nǹkan yìí wò, wọn kò bìkítà fún ohun tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀: èso kòkó márùn-ún, odindi.

Kí ló dé tó jẹ́ odindi? Ẹ gbọ́ ọgbọ́n yìí. Wóró kòkó tí a bá ti sá kò lè hù mọ́. Bí a bá sì yọ ọ́ nínú èso láìsá a, ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ló ní láti fi wà láàyè. Inú èso rẹ̀ nìkan ló ti lè pẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá rìn láti Àgége dé Ẹ̀kìtì pẹ̀lú ẹrù lórí láyé àtijọ́, irúgbìn rẹ̀ lè kú sọ́nà. Reluwé ló gé ìrìn náà kúrú. Nígbà tí à ń sọ pé reluwé kó kòkó lọ sí Èkó, ká má gbàgbé pé ó kó o wá sókè pẹ̀lú, nínú apẹ̀rẹ̀ àwọn alágbàṣe.

Coker kò fi irúgbìn du wọn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa gba àwọn òṣìṣẹ́ níyànjú kí wọ́n lọ gbin kòkó nílé, àwọn oníwàásù Ìjọ Áfíríkà náà sì ń gbé e kiri bí wọ́n ti ń gbé ìwàásù kiri. Kì í ṣe àwọn nìkan ló tan kòkó ká, ó ti dé Ìbàdàn àti Oǹdó láti ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n irúgbìn lásán kò tó. Ta ló mọ bí a ti ń gé e tí igi kò ní fọ́jú? Ta ló mọ iye ọjọ́ tí a ń sé e sínú ewé? Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lóko olóko ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé Àgége àti Ìjọn ni ilé-ìwé kòkó fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò san owó ilé-ìwé, àwọn ni wọ́n san owó fún.

Ní ọdún 1900, kòkó tí gbogbo ilẹ̀ tó di Nàìjíríà lẹ́yìn náà fi ránṣẹ́ sókè òkun kò ju nǹkan bí 200 tọ́ọ̀nù lọ. Ní 1930, ó ti lé ní 50,000 tọ́ọ̀nù. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò wá láti Àgége mọ́. Ilẹ̀ ìhà Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ bá kòkó mu, igi ibẹ̀ kò pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn, òkè sì ní ilẹ̀ tó dára jù. Nígbà tí owó kòkó já lulẹ̀ lójijì ní ìparí 1920 sí 1921, àwọn olóko ńlá Àgége tí wọ́n ti jẹ gbèsè kan ìdààmú púpọ̀. Obì ni ọ̀pọ̀ wọn gbọ́kàn lé lẹ́yìn náà, obì gbànja. Àwọn Hausa wá ń rà á ní Àgége, reluwé tó ti dé Kánò sì ń gbé e lọ sí òkè Ọya. Obì náà ń fẹ́ alágbàṣe tirẹ̀: àwọn tó ń gùn ún, àti àwọn obìnrin tó ń bó o, tó ń rẹ ẹ́ sómi, tó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, tó sì ń fi ewé tútù dì í sínú apẹ̀rẹ̀ kó má bàa rọ.

Owó kòkó ti òkè wá di owó ìjọba. Láti 1947 ni ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ti ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí wọ́n fi lélẹ̀, wọ́n sì ń fi èyí tó bá ṣẹ́kù pa mọ́. Nínú irú owó bẹ́ẹ̀ ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan lẹ́yìn náà; ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955, Ilé Kòkó ga sókè ní Ìbàdàn ní 1965. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá ńlá yín jókòó sórí àga ilé-ìwé ọ̀fẹ́, ẹ ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí, bí ẹ kò bá tilẹ̀ rí igi kòkó rí.

Ní Ìjọn àti Ìpájà, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oko bí Èkó ti ń gbòòrò síta. Ní ilẹ̀ Ẹ̀kìtì, Oǹdó àti Ifẹ̀, iṣẹ́ ìkórè pọ̀ ju ọwọ́ àwọn ọmọ ilé lọ, pàápàá nígbà tí àwọn ọmọ náà ti di akọ̀wé. Àwọn Ẹ̀bìrà dé, àwọn Ìgede àti Àgàtú tẹ̀ lé wọn láti ìhà Bẹ́núé, tàdá-tàdá, tẹrù-tẹrù, wọ́n fi ìyàwó sílẹ̀ nílé bí ti ìṣáájú.

Bàbá wa ti ọdún 1908 gbin wóró èso márùn-ún náà sábẹ́ igi ńlá kan létí odò, kí oòrùn má bàa pa á. Ìyá rẹ̀ bi í pé ǹjẹ́ a lè jẹ ẹ́. Ó ní rárá. Ìyá ní kí ló wá wà fún. Igi kòkó àtijọ́ ń gbà tó ọdún márùn-ún kó tó so dáadáa. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ó tún lọ sí Àgége lẹ́ẹ̀mẹta, ìyàwó rẹ̀ tún fi òfì gbé ilé ró lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò lọ mọ́. Ọmọkùnrin tó bá a wọ reluwé ti di géńdé, òun ló gé èso àkọ́kọ́. Nígbà tí oko náà fẹ̀ tí ọwọ́ wọn kò tó o mọ́, ọkùnrin méjì láti ìlú mìíràn wá bèèrè iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyàwó fún wọn ní omi, ó bi wọ́n bóyá ilé wọn mọ ibi tí wọ́n wà. Ọmọ náà mú àdá kan, ó kó wọn lọ sídìí igi tó sún mọ́ ọ̀nà jù, ó ní, "Ẹ má fà á já o. Ẹ wo ọrùn rẹ̀. Ibí ni kí ẹ ti gé e."